Ẹ Wá Gbọ́ Ẹjọ́ Àgékù Aṣọ

Ohun tó wọ́n jù lÉkòó kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe epo bẹntiróòlù. Pàǹtí ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jáde sí títì Akówọnjọ ní ìdájí, ẹ ó rí pàǹtí lọ́tùn-ún, ẹ ó rí i lósì, ẹ ó rí èyí tó ti dí gọ́tà pa. Kò sẹ́ni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi ṣe àánú fún ọmọ ọlọ́mọ. Kíá ni olówó rẹ̀ yóò yọ lẹ́yìn géètì, tòun ti tówẹ̀ẹ̀lì ní ìdí, yóò ní, "Èló lẹ fẹ́ rà á?"

Bí mo ṣe kó sí wàhálà yìí nìyí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, CDA tí onílé àti ayálégbé jọ ń sá fún nítorí owó dídá, ṣèpàdé. Wọ́n ní ọlidé gígùn ti dé, àwọn ọmọ yóò wà nílé, pé dípò kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lu fèrèsé oníkẹ́míìsì, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kí wọ́n rán báàgì ìwé, kí wọ́n rán ìrọ̀rí, kí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n fi àgékù aṣọ ṣe ẹní ìnusẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe, a ó kó o lọ fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kí ilé ìwé tó wọlé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣebí ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Akápò ní kò sówó lọ́wọ́, tiransífọ́mà ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Alága ní ìyẹn kò burú, ohun èlò ọ̀fẹ́ kún ìgboro, ẹni tí yóò máa kó o jọ ló kù. Ni ìyàwó mi, obìnrin tí mo fi òógùn ojú mi gbé níyàwó, bá dìde, ó ní, "Bàbá Ìbejì ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í ṣe nǹkan kan nílé." Báyìí ni mo ṣe di alága ìgbìmọ̀ ohun èlò. Èmi nìkan náà sì ni ìgbìmọ̀.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Láti rándabáòtù Akówọnjọ títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, tí ẹ bá ju òkò, bí kò bá ba télọ̀, yóò ba oníPOS. Aṣọ ẹbí kì í sì í tán nílùú yìí. Bí ìsìnkú ti ń lọ ni ìgbéyàwó ń bọ̀, léèsì lórí léèsì, ańkárá lórí ańkárá, àgékù wọn a sì tú ká ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ìyẹ́ adìẹ lọ́jọ́ ọdún. Mo wọlé tọ ìyá kan tó ti ń rán aṣọ fún mi láti ìgbà tí ikùn mi ṣì wà nínú. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo wá fọgbọ́n sọ ọ́ pé àgékù ilẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù, ẹ jẹ́ kí n bá yín kó o. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló rán yín?"

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín télọ̀ àti oníbàárà níhìn-ín. Oníbàárà ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé olè ni télọ̀ kí ó tó gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ra yáàdì mẹ́fà, ó ṣírò rẹ̀ pé márùn-ún àbọ̀ ni yóò bo òun, ó sì fẹ́ fojú rí ìlàjì yáàdì tó kù. Bí ọmọ télọ̀ bá ṣèèṣì wọ bùbá tó fara jọ aṣọ rẹ̀ lọ sóde ọdún, ìjà ti dé nìyẹn. Nítorí náà, télọ̀ tó bá gbọ́n a máa di àgékù mọ́ aṣọ tó rán, nínú náílọ́ọ̀nù kan náà, títí kan èyí tí kò lè tó ìnujú fún èèrà. Obìnrin yìí rò pé ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ mí di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Gbogbo àlàyé mi kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí mo jáde, mo rí i tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo àgékù ọ̀hún sábẹ́ tábìlì, níbi tí ojú mi kò ti ní í tó o mọ́.

Èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní télọ̀, ó ti kọ "fashion designer" sára ògiri. Ìyẹn kò fura sí mi rárá. Ó fi pẹ̀lẹ́tù là á yé mi pé àwọn mẹkáníìkì ń ra àgékù láti fi nu ọwọ́ epo, rágì ni wọ́n ń pè é, àti pé àwọn tó ń ki ìrọ̀rí náà ń rà á, àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó dá owó lé e. Mo ní ọmọ mi, àwọn aláìlóbìí la fẹ́ fún o. Ó ní, "Dádì, èmi náà kò ní bàbá."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ohun tó ń gbóná lára mi ni pé ọmọ yìí kan náà ni mo gbọ́ tó ń bá àwọn PSP akólẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lópin oṣù pé bíìlì wọn ti pọ̀ jù. Èyí tí mẹkáníìkì kò bá rà, tí onírọ̀rí kò bá gbé, owó ló ń san kí wọ́n bá òun kó o lọ sí ààtàn Solous n'Ígándò, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín. Ẹ gbọ́ ìṣirò yẹn dáadáa. Ó gbà láti sanwó kí aṣọ lọ jẹrà ní Solous. Ṣùgbọ́n kí bàbá àgbàlagbà wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́ lọ fún ọmọdé, kò gbà, nítorí pé ìgbà tí mo ti bèèrè ni aṣọ náà ti ní iyì lójú rẹ̀. Bí mo bá dúró kí ọkọ̀ akólẹ̀ gbé e tán, kí n wá sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ ọ̀hún dé Ìgándò, mo lè rí i gbà. Ìyàwó mi ló ní òun kò ní í jẹ́ kí n tún wọlé tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà nílẹ̀ tí èmi kò kà sí nígbà tí mo gbáṣẹ́. Ìyá àgbà kan ní ojúlé kẹta sí wa ní àpótí aṣọ àtijọ́ tó kún dẹ́nu: dàmáskì, sányán, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, àwọn aṣọ tí àwọn ọmọ òde òní kò fojú rí rí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀. Mo ní Màmá, ẹ yọ̀ǹda díẹ̀ fún wa. Màmá ní òun kì í fi aṣọ tó ti kan ara òun sílẹ̀ fún ẹni tí òun kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ, ayé ti burú. Mo ní èmi lẹ mà ń bá sọ̀rọ̀. Màmá ní, "Ìwọ gan-an ni mo ń sọ." Kò sí ẹ̀jẹ́ tí n kò jẹ́. Màmá ní tí ó bá ti gbó jù, iná ni òun máa ń sọ ọ́ sí. Sányán o! Sínú iná! Bẹ́ẹ̀, láyé àwọn bàbá wa, àgékù kì í jóná. Ẹ wo ẹ̀kú eégún, aṣọ lórí aṣọ ni, ti ọdún yìí lórí ti èṣí, ẹbí a sì máa fi kún un títí tí ẹni tó gbé e kò fi ní í lè yí mọ́. Ó dà bíi pé àwọn ará ọ̀run nìkan la lè fi àgékù sí lọ́wọ́ láìfura.

Alága wa, tí kì í rìn ṣùgbọ́n tí kì í yéé gbani nímọ̀ràn, ní kí n gba ọjà Katangúà lọ, l'Ábúlé Ẹ̀gbá. Ó ní ọ̀kíríkà tí kò tà níbẹ̀ yóò kún ilé ìpàdé. Mo bá gba Dọ̀pẹ́mú já sí ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Òfin orílẹ̀-èdè wa kò fàyè gba kíkó àlòkù aṣọ wọlé, ó wà nínú ìwé ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò tíì dé Katangúà nígbà tí mo débẹ̀. Bélì lórí bélì ni. Mo sọ ti ẹnu mi fún obìnrin kan tó jókòó sórí àpò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ bàbá tó fẹ́ gba ọ̀kíríkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Bàbá, aṣọ yìí wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ẹ̀yin ẹ wọ ọkadà wá. Ta ló yẹ kó fún ẹnìkejì lówó?"

Èmi tún ro ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo ń padà bọ̀. Àwọn òyìnbó tó ni aṣọ wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tà á. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àánú tàbí kí wọ́n ju ú sínú àpótí tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú gbé sí ojú pópó, pé kí ó lọ ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Èyí tí wọn kò bá rí tà lọ́hùn-ún, wọ́n a tà á fún oníbélì, oníbélì a tà á fún ẹni tó ń kó o wọlé, ìyẹn a tà á fún alátà. Nígbà tí yóò fi dé Abúlé Ẹ̀gbá, àánú ti di ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi wá ni ẹni tí kò gbọ́n, tó fẹ́ sọ ọ́ di àánú padà.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan n'Ísọlọ̀, bí ọdún bá sì ti ń sún mọ́lé, yóò gbé àpò aṣọ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣáko wá, gbogbo ilé a rán an. Ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ n'Íkẹjà, n'Ísọlọ̀, n'Íkòròdú ní àwọn ọdún 1970 sí 1980. Èyí tó pọ̀ jù ti kógbá wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, Aswani, ọjà tó gba orúkọ rẹ̀ ló kù tí a mọ̀, aṣọ òkèèrè àti ọ̀kíríkà ló sì ń tà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n sáré ka ìyókù. Páálí: àwọn tó ń kó ilé ń rà á, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò ń rà á. Ìwé ìròyìn àtijọ́: ẹlẹ́pà àti onísúyà. Ike omi: àwọn ọmọ tó ń fi àpò ńlá kó o ti mọ kílò rẹ̀ ju bí èmi ṣe mọ ọjọ́ orí mi lọ. Àgékù pákó káfíńtà: ìyá olóúnjẹ fi ń dáná. Irin: ẹlẹ́rù-kọ̀ndẹ́mù ti wà lẹ́nu géètì kí irin náà tó dógùn-ún. Fóòmù wẹ́wẹ́ oníṣẹ́ àga, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Ti ìdérí ìgò ló dùn mí jù, nítorí pé mo ti ń rí i gbà. Ìyá kan tó ń ta bíà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ń fún mi ní tirẹ̀ ní alaalẹ́, tòótọ́-tòótọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jókòó, mo fẹ́ fi hàn án pé ohun tó ń ṣe kì í ṣe kékeré. Mo sọ fún un nípa El Anatsui, ọmọ Gánà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka lọ́dún 1975. Mo ní lápá ìparí àwọn ọdún 1990, ó rí àpò ìdérí ìgò ọtí kan tí wọ́n jù sínú igbó. Ó gbé e lọ sílé, ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ bí aṣọ òkè ńlá. Mo ní lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ti tà ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ ní ọjà gbàǹjo, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé iṣẹ́ ọnà Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2023. Ìtàn náà wú u lórí. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí tó ní àgádágodo ló ń kó ìdérí ìgò rẹ̀ sí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fún mi ní nǹkan rẹpẹtẹ láìgba kọ́bọ̀, ẹ sì máa gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ rántí pé a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ lÉkòó ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2025. Nígbà tí ìbò parí, àwọn ike ìpolongo tí wọ́n ń pè ní flex ṣì wà lórí òpó iná, lórí ògiri, lórí igi. Ike yẹn nípọn, omi kì í wọ̀ ọ́, kò sí ohun tó dára tó o fún báàgì ìwé. Mo gbé àkàsọ̀, mo ń tú ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin kan yí mi ká lábẹ́ àkàsọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo ní ẹgbẹ́ CDA. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹgbẹ́ yẹn, pé ṣé ó ní olùdíje. Ibi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe gbé àkàsọ̀ lọ kí wọ́n fi mí sókè ni ọ̀gá wọn dé, ó gbọ́ àlàyé mi, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní òun ní èyí tó kún yàrá, òun yóò kó gbogbo rẹ̀ fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni òun bẹ̀ mí fún: ojú ọ̀gá àwọn gbọ́dọ̀ kọjú síta.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó kó o wá. Báàgì dára, ó lágbára, ṣùgbọ́n ibi tí síìpù bọ́ sí ni ẹnu ọlọ́lá. Bí ọmọ bá ṣí báàgì rẹ̀, olóṣèlú a yanu. Bí ó bá mú ìwé tán, ó tún pa á dé. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń du eléyìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé èló ni òyìnbó ń san fún mi. Gbogbo ibi tí mo bá gbé àpò dé, ìbéèrè yẹn ni. Kò sẹ́ni tó gbà pé èèyàn lè máa bẹ àgékù kiri nínú oòrùn Èkó kí ó má sí dọ́là nídìí rẹ̀. Owó tèmi ni mo mà ń ná. Obìnrin kan n'Ípájà fún ẹgbẹ́ wa ní òwú ìhunṣọ lápò kékeré, Ọlọ́run yóò san án fún un, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ láyé tí a wà yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ó lè ra òwú náà kí ṣéńjì sì kù. A tilẹ̀ dúpẹ́ pé nígbà tí wọ́n fòfin de ọkadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lÉkòó lọ́dún 2022, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ni n bá máa fi ru àpò.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé fipò sílẹ̀, alága ní ṣé Màmá Nike Davies-Okundaye ní owó rẹpẹtẹ nígbà tí wọ́n dá ibùdó wọn sílẹ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 1983, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ láìgbowó. Mo ní Màmá Nike mọ àdìrẹ í rẹ. Èmi, kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe ju kí n jókòó lọ?

Ohun tí ó yẹ kí alága máa sọ nìyí, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ. Ní Niú Yọ́ọ̀kì, láti ọdún 1978 ni ìlú náà ti ní ilé ìkẹ́rùsí kan, Materials for the Arts ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ilé iṣẹ́, ilé ìtajà àti àwọn eléré orí ìtàgé kò bá lò mọ́, aṣọ, ọ̀dà, bọ́tìnnì, ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọba a wọlé, ẹgbẹ́ aláàánú a wọlé, wọ́n a ṣa ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n a jáde. Kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n pé ta ló rán yín. Irú rẹ̀ wà ní Bristol àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọdé. Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, a lé ní mílíọ̀nù kan nígbà ìkànìyàn 2006, wọ́n sì ti pín wa sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) márùn-ún, kálukú pẹ̀lú alága tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ àti fèrè tirẹ̀. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣé a kò lè rí ṣọ́ọ̀bù ọjà kan tó ṣófo kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí télọ̀ àti oníṣẹ́ àga máa ju àgékù wọn síbẹ̀ dípò Solous? PSP gan-an yóò sinmi.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti ń lọ. Mo délé lọ́jọ́ kan, mo bá àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé wa, wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ aláràbarà kan tó dára gan-an. Mo yọ̀. Mo bi ìyàwó mi pé ta ni Ọlọ́run fi àánú sí lọ́kàn báyìí. Kò dáhùn. Mo tún wò ó dáadáa, mo rí àpò ọwọ́ ọ̀tún dàńṣíkí mi níbẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ Dọ̀pẹ́mú tí mo gbàgbé sínú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ṣebí èmi ni alága ìgbìmọ̀, pé ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó ti yọ ṣòkòtò mẹ́ta sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Akówọnjọ, Ṣàṣà, Ẹ̀gbẹ́dá àti agbègbè rẹ̀. A ṣì ń wá síìpù, bọ́tìnnì, òwú dúdú àti àgékù aṣọ irú tó bá jẹ́. Ẹ gbé e wá sí ilé ìpàdé CDA wa lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tètè dé kí ṣòkòtò mi tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má bèèrè pé èló. Ẹ má sì mú flex wá. Olóṣèlú tó wà nílẹ̀ yóò tó wa títí di 2027.